Ẹyẹlé Tí Wọ́n Fi Owó Ká

Ẹyẹlé ni Sanobar kọ́kọ́ rí, ẹyẹlé kékeré tí wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn ká, kó tó gbójú sókè rí ọkùnrin tó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rín ẹnu ọkùnrin náà dùn débi pé owó tuntun tí Sanobar ń ká lọ́wọ́ já bọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní ìlú Multan, ẹ̀gbà ọrùn ọkọ ìyàwó ni wọ́n ń fi owó ṣe. Zohaib ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Ó wá gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó, ẹ̀gbà náà kò tíì parí, ló bá ń fi bébà ṣeré.

"Ṣé ẹ lè fi owó ká irú rẹ̀?" Sanobar bi í.

"Kékeré nìyẹn."

Kékeré kọ́ o! Bébà tó mọ̀ ọ́n ká, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba. Owó gùn gbọọrọ. Ìrù ẹyẹ náà pọ̀ jù, ó ṣubú sẹ́yìn.

"Oorun ń kun ẹyẹ yín," ni Sanobar wí.

Ojú ti Zohaib, ó mú sísọ́ọ̀sì. Ni Ustad Rahmat, bàbá Sanobar, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, bá pariwo: "Owó lo fẹ́ gé? Lọ́jọ́ kejì ìyàwó, wọ́n á tú ẹ̀gbà yìí ná! Ta ló máa gba owó gígé?"

Ìtìjú yẹn ò dá Zohaib dúró. Ojoojúmọ́ ló ń wá, àwáwí rẹ̀ ò sì tán. Ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní òun fẹ́ rán ìyá òun wá tọrọ Sanobar, Ustad yarí.

"Ọmọ aláṣọ kan ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ní Jímọ̀. Bí ẹyẹ rẹ bá dúró kó tó dé, láìgé owó, láìfi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, màá gbọ́ ti ìyá rẹ. Bí kò bá dúró, má yà síbí mọ́."

"Á dúró, Bàbá."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó ṣì ń ṣubú. Sanobar gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń bá ìrù rẹ̀ jà sí?"

Ó ká ìrù gígùn yẹn wẹ́wẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, bó ṣe ń ká owó ẹ̀gbà láti kékeré. Ìrù náà là gbàgà, bíi ti àwọn ẹyẹlé tó ń yan lórí òrùlé wọn. Ẹyẹ náà dúró ṣinṣin.

"Sanobar mi, ọwọ́ ẹ ni mo ti ń wá."

"Ọwọ́ nìkan?"

"Gbogbo ẹ ni, olówó orí ẹ nìyí!"

"Ẹ rọra o, Bàbá ò tíì gbà."

Ustad yẹ ẹyẹ náà wò. "Rupíì ọgọ́rùn-ún ni. Màá tú u, màá fi ra tíì. Bí onítíì bá kọ̀ ọ́ pé wọ́n ti gé e, ó parí." Ó jáde.

Ó pẹ́ kó tó dé. Kò mú tíì bọ̀. Ẹyẹlé náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé onítíì kọ̀ ọ́ ni?" Sanobar bi í.

"Mi ò fún un. Ọkàn mi ò gbà kí n tú u." Ó kọjú sí Zohaib. "Sọ fún ìyá ẹ kó wá bá wa mu tíì láàárọ̀ ọ̀la, kí ọmọ aláṣọ yẹn tó dé."

Ogójì ẹyẹlé ló wà lọ́rùn Zohaib lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú gbogbo wọn ná. Àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló ṣì dúró sórí tábìlì Ustad dòní, ẹ má sì dán an wò láti fọwọ́ kàn án.