Ọ̀nà Tí Ọbẹ Ẹ̀rọ Máa Gbà

Obìnrin kan ń nu epo tó ta sára ẹ̀rọ agérin òun àti ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni àbúrò ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Kíákíá, bá wọlé. Ó na fíláàṣì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí, sí i.

"Ìyàwó wa, ẹ fi eléyìí sí i. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣètò ọ̀nà tí ọbẹ ẹ̀rọ máa gbà gé irin. Iṣẹ́ tó ń gbà yín ní odidi àárọ̀, kí ẹ tó mumi tán, ó ti parí."

Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ náà. Ibi tí wọ́n bá ní kí ọbẹ rẹ̀ gbà ló máa gbà, ì báà jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀.

Obìnrin náà gba fíláàṣì, àmọ́ ara ń fu ú. "Ṣé irú ẹ̀rọ tiwa ni ọ̀rẹ́ yín ní?"

"Ẹ̀rọ ò ju ẹ̀rọ lọ."

"Ṣé ó ti fi gé irin rí?"

Kíákíá yíjú sí fèrèsé. "Ìbéèrè yín ti pọ̀ jù. Àbí ẹ rò pé mo fẹ́ ba ilé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ni?"

Obìnrin náà mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, wọ́n á ní òun ò fẹ́ràn ará ilé ọkọ òun. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹni tó gbé nǹkan dáadáa wá fi ń yíjú sí fèrèsé?

Ó pe ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ lórí fóònù.

"Má tíì gbé irin sí i," ni ọ̀gá wí. "Kọ́kọ́ wo ọ̀nà náà lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, gbé ọbẹ sókè, kó rìn lórí òfìfo. Kí ọwọ́ rẹ má kúrò lẹ́bàá bọ́tìnnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró."

Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Nígbà tó jẹ́ kí ọbẹ rìn lórí òfìfo, ọbẹ náà rọra ń lọ, àfi bó ṣe já wálẹ̀ lójijì, tó kọrí sí ìdìmú tó máa ń di irin mú. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ọbẹ dúró, ó kù díẹ̀ kó kàn án.

"Ẹni tó ṣe é kò fi ìdìmú sínú àwòrán rẹ̀," ni ọ̀gá sọ nígbà tí obìnrin náà ròyìn fún un lórí fóònù. "Tí ẹ bá ti ń gé irin ni, ọbẹ á ti fọ́ sí yín lójú."

Ohùn Kíákíá lọ sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá sọ fún òun bó bá ṣe rí."

"Àwa ló fẹ́ fi dán an wò," ni obìnrin náà wí. Ó fi fíláàṣì náà sí i látẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú ẹ̀rọ yìí, ẹ má ṣe tìtorí ojú ẹnikẹ́ni lo ọ̀nà ọbẹ tí ẹ ò tíì yẹ̀ wò. Ẹ rí i pé ìdìmú wà nínú àwòrán kọ̀ǹpútà. Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, kí ọbẹ kọ́kọ́ rìn lórí òfìfo. Bí ará ilé bá bínú, ẹ lè bẹ̀ ẹ́. Ojú tí àfọ́kù irin bá wọ̀, ẹ̀bẹ̀ kankan ò lè là á.