Èwo Ni Aláìsàn Nínú Yín?

"Ṣẹkẹṣẹkẹ!"

Salaudeen fọwọ́ lu tábìlì gbàgà. Ife tíì fò sókè, ó sì dà sórí agbádá funfun rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó.

"Ṣẹkẹṣẹkẹ nìkan ló lè gba ọmọ yìí là! Ilé ìtúnwàṣe kan wà lábúlé tí mo mọ̀. Bí wọ́n bá so ó mọ́ igi fóṣù mẹ́ta, á gbàgbé orúkọ tramadọ́ọ̀lù!"

"Á gbàgbé orúkọ tiẹ̀ náà," ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Salaudeen, fi dá a lóhùn. Ó fa aṣáà símú, ó sín.

Orí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí wà. Ṣàkírátù lórúkọ rẹ̀, ọmọ tí Salaudeen bí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ń làágùn bí ẹni tó sáré láti Èsìé wá sí Òmù-Àrán, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lójú kan láti àárọ̀. Imú rẹ̀ ń dà, egungun ń ro ó. Ọjọ́ tí òun àti Caroline ọ̀rẹ́ rẹ̀ yan gàrí títí apá fi fẹ́ já ni Caroline fún un ní hóró tramadọ́ọ̀lù kan pé kó fi pa ara ríro. Ara náà dákẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí ìdánwò sún mọ́lé, hóró kan kò tó o mọ́. Méjì náà kò tó o. Àná ni Fulera ìyá rẹ̀ rí òfìfo káàdì oògùn nínú báàgì ilé-ìwé rẹ̀, tó sì fi igbe pe ẹbí jọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé káàdì kan ṣì wà tí Ṣàkírátù rán mọ́ ìṣẹ́tí híjáàbù rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ so òun, á gbé méjì mì, á sì sá lọ sí Ìlọrin.

"Salaudeen," ni Ìyá Àgbà wí, "nígbà tí o fẹ́ gbéyàwó, ṣé a ò wádìí ilé wọn ni?"

"Ẹ wádìí ẹ̀, Ìyá. Ẹ tiẹ̀ wádìí ẹ̀ jù."

"Ọmọ la fẹ́ fà lé ilé kan lọ́wọ́ yìí náà. A ó wádìí. Ìwọ ni alárinà. Lọ gbé mọ́tò."

Salaudeen, Ìyá Àgbà àti Ṣàkírátù kọjá Rore, wọ́n yà sọ́nà eléruku kan. Ọkọ̀ gbóná, ó kú. Salaudeen bọ́ sílẹ̀, ó ń tì í, ó ń bú u. Nígbà tí wọ́n fi débẹ̀, eruku ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, fìlà rẹ̀ ti kọjú sẹ́yìn.

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ méjì jáde. "Èwo ni aláìsàn nínú yín?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn?" Salaudeen fò mọ́ wọn. "Ẹ ò mọ ẹni tí mo jẹ́ ni? Oògùn olóró! Oògùn olóró ló fa gbogbo wàhálà yìí!"

Àwọn ọkùnrin náà wo Ṣàkírátù tó jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n wo agbádá tó mu tíì yó. Wọ́n wo ojú pupa.

"A ti rí i."

Kí Salaudeen tó mí, wọ́n ti gbé e nílẹ̀ bí àpò ẹ̀gẹ́. Kẹ́kẹ́! Ṣẹkẹṣẹkẹ ti wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Èmi kọ́! Èmi kọ́ o!"

"Ohun tí gbogbo wọn máa ń wí nìyẹn."

"Ìyá! Ẹ bá mi sọ fún wọn!"

"Sùúrù ná, ìwádìí ni mò ń ṣe." Ìyá Àgbà yíjú sí wọn. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò ní bi í ní ohun tó ń lò?"

"Kí la fẹ́ bi í sí, Ìyá? Ẹni tó bá ti wọlé, aláìsàn ni. Ẹgba ló kàn."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ṣàkírátù. Ló bá rí ọmọbìnrin kan nísàlẹ̀ ọgbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dégbò níbi tí irin ti jẹ ẹ́. Ó ń wo Ṣàkírátù; kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kú mọ́ Ṣàkírátù lẹ́nu.

Ẹgba ti gòkè. Ọwọ́ Ṣàkírátù ti wà ní ìṣẹ́tí híjáàbù, ẹnu ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sá.

"Ẹ tú bàbá mi sílẹ̀! Èmi ni. Èmi ni mò ń lò ó!"

Wọ́n tú Salaudeen, wọ́n sì gbé ṣẹkẹṣẹkẹ kan náà lọ bá ọmọ. Ẹ wá wo Salaudeen! Ọkùnrin tó ní kí wọ́n so ó ló gbá ọmọ mọ́ inú agbádá, tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. "Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó rí mi!" Ìyá Àgbà ti ṣáájú wọn wọnú mọ́tò, tó ti tutù, tó sì ṣetán láti rìn.

Ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán ni wọ́n já sí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Rhoda jáde sí wọn. "Ẹ káàbọ̀ o. Èwo ni aláìsàn nínú yín?"

Salaudeen sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Èmi kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́!"

Nọ́ọ̀sì Rhoda fa àga sún mọ́ Ṣàkírátù. Kò pariwo. Ó bi í ní ohun tó ń lò, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó lò ó gbẹ̀yìn, ibi tó ń dùn ún. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló bi. Kò bi ẹbí.

"Ṣé ẹ ó so mí, Mà?"

"A kì í so èèyàn níbí. Oògùn náà ló ti mọ́ ọ lára. Dókítà á wò ọ́, á fún ọ ní ohun tí ara rẹ á fi rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi àti ìwọ á sì máa sọ̀rọ̀. Ó máa pẹ́ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n o ò ní dá nìkan ṣe é."

Ìyá Àgbà mi orí. "Ilé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ rèé. Mo fọwọ́ sí i."

Ṣàkírátù já òwú ìṣẹ́tí híjáàbù, ó yọ káàdì náà, ó kó o lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Ó ṣì wà!" Salaudeen ké.

"Dákẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, "kí wọ́n má tún lọ so ọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Fulera sun oorun tí kò tíì sùn láti àná. Ṣàkírátù pàdánù ìdánwò ọdún yẹn, ó sì tún kíláàsì kà. Ìgbà kan wà tó tún lo oògùn náà. Ó sunkún lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì Rhoda, nọ́ọ̀sì kò sì lé e. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní ti Salaudeen, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló mú ariwo rẹ̀ lọ, kò sì dákẹ́ títí wọ́n fi lọ tú gbogbo ọmọ ilé ìtúnwàṣe náà sílẹ̀. Ọmọbìnrin ẹlẹ́gbò ẹsẹ̀ yẹn ń gba ìtọ́jú báyìí. Ṣàkírátù sì ti fa Caroline náà lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Rhoda.

"Èyí tó dáa jù ni kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá," ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. "Ìsinmi ni ara ríro ń fẹ́, kì í ṣe hóró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ wá ẹni tó máa bi yín léèrè, kí ẹ sọ òótọ́ fún un."

Bí Salaudeen bá wà nítòsí, á ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè.

"Ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ mi! Mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá o, mo ti gbàgbé orúkọ bàbá mi!"