Ọjọ́ Ìbí Kan, Ìbẹ̀wò Mẹ́rin

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa sáyé lónìí, tó sì fún wa ní ọkàn tó lè yí padà. Àwọn ọmọ dáadáa ni ìtàn yìí dá lé lórí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú nìkan ló ń parọ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, Jonelle Pruitt jókòó sí yàrá ìjẹun kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, ó ń jẹ ẹyin díndín, ó sì ń kọ orin lábẹ́ ahọ́n. Àná ló fi ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lẹ́tà Gíríìkì mẹ́ta ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà, tí wọ́n ń pe ara wọn ní arábìnrin, ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Fìtílà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí fìtílà tó wà lára báàjì wọn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ìlànà fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yege nínú ẹ̀kọ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ na ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tàbí kí wọ́n dójú tì í. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọtí níbi àríyá wọn, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ará ìlú fún iye wákàtí kan. Ẹgbẹ́ tó bá kùnà lọ́dún méjì tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Fìtílà ti kùnà lọ́dún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ìyá ìyá Jonelle wà lára àwọn mọ́kànlá tó dá a sílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e. Jonelle, akọ̀wé ẹgbẹ́, kò fẹ́ kó kú sí òun lọ́wọ́.

Fóònù dún. Ìyáàfin Delphine Crewe ni, ẹni tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ náà.

“Jonelle, o káàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lẹ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà lọ́dún yìí, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejì.”

“Fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níwájú mi. Aṣọ yín yàtọ̀ síra, ó sì wuyì. Àmọ́ kéèkì kan náà ló wà lórí tábìlì nínú gbogbo wọn. Wọ́n kọ àádọ́rùn-ún sí i lára, wọ́n sì ti gé igun kan. Jọ̀wọ́, ìyá wo ló ń pé àádọ́rùn-ún ọdún lóṣooṣù?”

Jonelle ti àwo ẹyin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ wá rí mi lọ́la,” ni obìnrin náà wí. “Aago méjìlá.”

Jonelle sáré lọ bá Marquita, ààrẹ ẹgbẹ́. Marquita ló ní kí wọ́n ya gbogbo fọ́tò lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ ìbí àádọ́rùn-ún ọdún Màmá Àgbà Arzula, ìyá ìyá Jonelle, ni wọ́n lọ bá a ṣe ní ilé àwọn àgbà nínú oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n kọrin, wọ́n jẹun, wọ́n wá ń wọ balùwẹ̀ lọ pààrọ̀ aṣọ fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

“Sọ fún Ìyáàfin Crewe pé àwọn àgbà fẹ́ràn kéèkì,” ni Marquita wí.

“Kéèkì oṣù márùn-ún?”

“Wọ́n ní fíríìjì.”

“Fíríìjì wo ni kò ní sí ẹni tó máa tún gé kéèkì inú rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án?”

“Fíríìjì onígbàgbọ́.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Marquita mú bébà kan, ó tẹ ìwé ráńpẹ́ sí i pé lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. “Sísítà, gbé e lọ fún màmá yín àgbà kó fọwọ́ sí i. Ta ló máa pe ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lónírọ́?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Jonelle bá ìyá rẹ̀, Verlene, ní ilé àwọn àgbà, níbi tó ti ń ya irun Màmá Àgbà. Ó rò ó fún wọn, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

“Àádọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́rin. A jẹ́ pé mo ti di ẹni ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Verlene, ọdún márùn-ún péré ló kù kí n bá Énọ́kù inú Bíbélì dọ́gba.”

“Ẹ má mi orí, Màmá. Ìlà irun ń wọ́,” ni Verlene wí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?”

Màmá Àgbà na ọwọ́ gbà á, ó kà á, ó gbé e lé itan.

“Ìwọ ọmọ yìí, lóṣù Kẹwàá, ẹ ní ẹ ń bọ̀. Mo sọ fún Hobart tí a jọ ń gbé níbí àti gbogbo àwọn tó kù pé àwọn arábìnrin mi ń bọ̀ wá kọrin. Hobart so táì. A jókòó síwájú fèrèsé títí wọ́n fi gbé oúnjẹ alẹ́ wá.”

“Ẹ jọ̀wọ́, mà. Ìdánwò ló dí wa lọ́wọ́.”

“Mo mọ̀ pé ẹ níṣẹ́. Ẹ ò bá pè mí lórí fóònù. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fún wa ní máàkì. À ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà kí wọ́n má baà lé wọn padà nídìí ìforúkọsílẹ̀ ìbò pé wọn ò mọ̀wé. Bí mo bá fọwọ́ sí èyí, mo ti sọ pé mi ò dúró dè yín.”

Omi bọ́ lójú Jonelle. “Wọ́n á ti ẹgbẹ́ yín pa, mà.”

“Kí wọ́n tì í. Ọlọ́run tó wà kí á tó dá a sílẹ̀ ṣì wà. Gba ìwé rẹ, ọmọ mi, kí o wá jókòó. Ìyá rẹ ń fa irun mi bí ẹni ń fa èpò.”

Lọ́jọ́ kejì, Jonelle bá Marquita lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ìyáàfin Crewe.

“Mi ò sùn dáadáa,” ni Marquita wí. “Èmi ni mo ní ká pààrọ̀ aṣọ. Mi ò ní jẹ́ kí o dá nìkan wọlé.”

Wọ́n jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyáàfin Crewe gbọ́ tán, ó mí kanlẹ̀.

“Ká ní ẹ wá bá mi lóṣù Kọkànlá pé wákàtí yín kò tó, a ò bá jọ ṣètò bí ẹ ó ṣe ṣe é. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe wà níbí. Ẹ máa kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Fọ́tò ń fi hàn pé ẹ dé ibì kan ni, kò fi hàn pé ẹ ṣiṣẹ́. Bí iye rẹ̀ bá kéré, ẹ kọ kékeré.”

Ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Fìtílà fún ọdún kan. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, kò sí ijó àfẹsẹ̀lù níwájú èrò lọ́jọ́ ìpadàbọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Àwọn méjèèjì pàdánù ipò wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà lè tún bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ lẹ́yìn ọdún náà, nítorí pé wọ́n jẹ́wọ́.

Ọjọ́ ìpadàbọ̀ náà dun Jonelle. Ó dúró láàárín èrò, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ yòókù tí wọ́n ń jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yún un. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wà ní ilé àwọn àgbà, òun àti Marquita àti arábìnrin mẹ́fà mìíràn, láìsí báàjì, láìsí fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Hobart na Marquita nínú dráàfù lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ààrẹ ni wọ́n pe ìwọ yìí?” ni bàbá náà bi í.

“Ààrẹ tẹ́lẹ̀ ni, sà.”

“Mo ti rí ìdí rẹ̀. Tò ó padà.”

Nígbà tí oṣù Kẹta tún dé, àwọn arábìnrin ní kí Jonelle kọ ìwé ìbéèrè fún àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe akọ̀wé mọ́. Ó kọ wákàtí mẹ́tàlélógójì, bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe fọwọ́ sí i. Àádọ́ta ni ìlànà béèrè. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, ó wo àyè tí méje ìyókù ìbá wà, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́, yálà nílé ẹ̀kọ́ tàbí nínú ìjọ, bí ìròyìn yín bá kù díẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ sì tètè ké sí ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín ohun tó ṣe, kí ẹ tó béèrè ipò tó gbà. Bí ẹnì kan bá sì ń dúró dè yín níwájú fèrèsé, ẹ lọ.

Kí Olúwa tó ń rí ìkọ̀kọ̀ fi òtítọ́ sí ọ lẹ́nu, kó fi agbára sí ọ lẹ́sẹ̀ láti lọ síbi tí o ṣèlérí, kí ayọ̀ ẹni tí o bẹ̀ wò sì bá ọ délé. Àmín.