Irọ́ Tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ Ń Pa fún Àwọn Aláboyún

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kó lè wálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn tó wú ń rí i lára. Bí wọ́n bá ti jáde, á pòṣé, á fọ ọwọ́ bí ẹni tó di ìgbẹ́ mú.

"Ẹ da oògùn ọsibítù nù," ni yóò wí. Á so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wọn lápá, á wò ó fìrí, á ní, "Ó ti wálẹ̀!" Ìbáà lọ sókè, ìbáà dúró síbẹ̀, wíwálẹ̀ náà ni lẹ́nu rẹ̀.

Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìlọ̀ fún un. "Ọ̀rẹ́ mi, kéèyàn tẹ ẹsẹ̀ fún aláboyún kọ́ ló burú. Irọ́ tí o fi ń lé wọn kúrò lọ́dọ̀ dókítà ni Ọlọ́run kórìíra."

"Máa rán aṣọ ẹ jàre."

Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé oyún wọlé, ojú rẹ̀ wú. "Ẹ̀gbọ́n mi, orí ń fọ́ mi, ojú mi ń ṣe bàìbàì."

Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Kó tó wo nọ́ńbà rárá, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́: "Ó ti wálẹ̀!"

Bí obìnrin náà ṣe ní kóun dìde ni gìrì gbé e ṣánlẹ̀, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Igbe Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ló mú aránṣọ sáré wọlé, wọ́n sì jọ gbé e dé ọsibítù. Àwọn dókítà rí ìyá gbà là. Ọmọ ti kú.

Nígbà tí àbúrò lajú, ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ní ó ti wálẹ̀?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sáré jáde, ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ara mi ń rí mi lára," ló ń wí fún aránṣọ. "Ẹnu mi yìí rùn ju òkú ajá lọ!"

"Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń rùn níwájú Ọlọ́run nìyẹn," ni aránṣọ dáhùn. "Àmọ́ Jésù kò di imú sí ọ. Ó kú nítorí rẹ. Ké pè é."

Ó kúnlẹ̀ ti èébì rẹ̀, ó ké pe Jésù, omijé bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wọlé: "Àbúrò mi, irọ́ ni mo pa." Obìnrin náà yíjú sí ògiri.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ ń kan ilẹ̀kùn àwọn aláboyún kiri. "Mo purọ́ fún yín. Ẹ dákun, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lónìí." Àwọn kan bú u. Ọ̀kan tutọ́ sí i lára. Ó dúró, ó gbà á.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé o kò tẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ta ló fọkàn tán ọ tí ò ń tàn jẹ? Ìwà yẹn ń rí Ọlọ́run lára, síbẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Ta ló fún ọ ní ọ̀la? Jẹ́wọ́ fún Jésù nísinsìnyí, kó tó di pé ẹlòmíràn kú sí ọ lọ́wọ́, tàbí kí ìwọ gan-an kú sínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ.