Àwọn Èrò Tí Kò Sí

"Kò sí àyè mọ́, sà. Ọkọ̀ ọ̀la ti kún."

Irọ́ ni mo ń pa fún baba àgbàlagbà tó dúró níwájú mi ní ọ́fíìsì wa ní Sùúrùlérè, lọ́dún 1992. Àga mọ́kànlélógún ló ṣófo nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Kánò lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà fún ilé iṣẹ́ Lékeléke títí èsì ìdánwò mi yóò fi jáde. Bàbá mi, Yẹ̀kínnì, tó jẹ́ mẹkáníìkì wọn ní Ìkẹjà, ló bá mi wá iṣẹ́ náà.

Ẹ má tíì bú mi. Ó ṣì kù.

Ìgbà mẹ́ta ni Lékeléke ń fò lọ sí Kánò lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí epo wọ́n, àwọn ọ̀gá dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ní bó bá ku ọkọ̀ kan, á máa kún dáadáa, àwọn á sì lè fowó lé tíkẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, oṣù kìíní dára, owó wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá mẹkáníìkì mẹ́jọ dúró. Bàbá mi wà lára àwọn mẹ́rin tó kù.

"Sàúdátù," ó máa ń wí, "bí ọkọ̀ kan yìí bá ṣáà ti ń kún, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi, wàá sì wọ yunifásítì."

Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo sì tún ṣe ohun tí mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Débọ̀, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, ló kọ́ mi. Inú ìwé ńlá kan la máa ń fọwọ́ kọ orúkọ èrò sí láyé ìgbà yẹn.

"Kọ ogún orúkọ síbẹ̀," ó ní. "Orúkọ èyíkéyìí. Ẹni tó bá wá, sọ fún un pé ó ti kún. Tí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, á fún wa ní nǹkan, a ó wá pa orúkọ kan rẹ́ fún un."

"Tí ò bá fún wa ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé ó máa fẹsẹ̀ rìn dé Kánò ni?"

Mo bá ń kọ orúkọ. Nínú egúnjẹ ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ra bàtà onígìgísẹ̀ ní Yábàá. Inú mi dùn, n ò ní tàn yín.

Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ rìn. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń fò lọ sí Kánò, bọ́ọ̀sì sì wà ní Jíbówú. Baba tí mo lé yẹn kò padà wá mọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣe bíi tirẹ̀. Ìwé wa ń kún, ọkọ̀ ń fò lófìfo. Owó gọbọi tí wọ́n fi lé tíkẹ́ẹ̀tì kò já mọ́ nǹkan kan nígbà tí kò sí ẹni tó ń rà á.

Lóṣù karùn-ún, bàbá mi wọlé lọ́sàn-án gangan, ó sì jókòó sí iwájú ilé wa ní Múṣin pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Wọ́n ti dá ọkọ̀ yẹn náà dúró," ó ní. "Wọ́n ní owó tó ń wọlé ò tó ra epo, pé èrò ò wá mọ́. Mo dìde níwájú gbogbo wọn. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi ló ń kọ ìwé èrò, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ fún mi pé ó kún. Mo fi Kùránì búra, Sàúdátù."

N kò lè wò ó lójú.

"Wọ́n gbé ìwé náà wá. Wọ́n ní kí n kà á sókè." Ó yíjú sí mi. "Sìmíátù Yẹ̀kínnì. Ìyá rẹ, tí a sin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ń lọ sí Kánò lọ́jọ́ Túsìdeè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kò nà mí, kò bú mi. Ó kàn wọlé, ó sì tilẹ̀kùn.

N kò wọ yunifásítì. Jẹnẹrétọ̀ ni bàbá mi ń tún ṣe ní Costain títí ó fi kú. Àwọn ọ̀gá dín ọkọ̀ kù, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àwa jí. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé irọ́ inú ìwé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, bàbá mi ni irọ́ tèmi bà láyé jẹ́, mo sì mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́.