Erùpẹ̀ Ìsàlẹ̀ Àpótí Ìdọ̀tí

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akóìdọ̀tí kan gun orí ìwọ̀n ní ọgbà tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lẹ́yìn ìlú. Obìnrin akọ̀wé tó ń ka ìwọ̀n náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wo iye tó jáde. Àpótí irin gbàǹgbà ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, irú èyí tí àwọn onílé máa ń háyà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ wọn tí wọ́n bá fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́. Ohun tí wọ́n kọ síwèé ni pé ìdọ̀tí inú ilé ló wà nínú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, àga, aṣọ àkísà. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju èyí tó kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wá lánàá lọ.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé òjé ni wọ́n fi kan àwọn àga ọ̀hún ni?"

"Ohun tí mo rí lókè ni mo bá wọn kọ o," awakọ̀ náà fèsì. "Mi ò yọjú wo ìsàlẹ̀."

Akọ̀wé kò jẹ́ kó dà á sílẹ̀. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ méjì gun inú àpótí náà, kí wọ́n máa fọwọ́ kó ẹrù náà jáde láti òkè. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, wọ́n gbé àga mẹ́ta jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan kápẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ká mọ́ra. Bí wọ́n ṣe gbé e, ó ṣí díẹ̀, wọ́n sì rí àbàwọ́n dúdú kan tó fẹ̀ tó àwo, tó ti gan páálí. Abẹ́ rẹ̀ ni bùláńkẹ́ẹ̀tì kan wà, ohun kan tó le sì wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, erùpẹ̀ pupa ni, ó kún dé orúnkún.

"Ẹ dúró níbẹ̀," ni akọ̀wé wí. "Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́." Ó sá wọlé lọ pe ọlọ́pàá.

Ìsípẹ́kítọ̀ tó dé kò ga, kò sì sanra. Má-Kánjú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ó lè wo ojú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀. Ó gun inú àpótí náà fúnra rẹ̀. Ó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, ó fọ́ ọ, kò rí gbòǹgbò koríko kankan nínú rẹ̀: kì í ṣe erùpẹ̀ ìta. Ó wá tú bùláńkẹ́ẹ̀tì náà. Síléètì ló wà níbẹ̀, irú tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò láyé àtijọ́, okùn wà lára rẹ̀ tí èèyàn lè fi kọ́ ọrùn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí i, lẹ́tà ńláńlá, lẹ́tà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ:

KI NI KOTO YEN WA FUN

Ìsípẹ́kítọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, síbẹ̀ akọ̀wé tó dúró nísàlẹ̀ fa ṣúẹ́tà rẹ̀ mọ́ra.

"Ta ló háyà àpótí yìí lọ́wọ́ yín?"

"Obìnrin kan ló pè wá lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Ó ní òun ni Màmá Télọ̀, òun lòun ni ilé, pé òun fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun. Ohùn rẹ̀ já gaara, sà, bíi tàwọn tó ń ka ìròyìn," ni akọ̀wé fèsì.

"Èmi ni mo gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni awakọ̀ wí. "Òní ni mo lọ gbé e."

Ilé náà wà ní òpópónà kan tó dákẹ́ rọ́rọ́, géètì aláwọ̀ ewé ló ní. Obìnrin kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ṣílẹ̀kùn. Àbúrò Màmá Télọ̀ ni. Ọdún pípẹ́ ló fi dáhùn fóònù ní ọ́fíìsì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n ti kú. Àǹtí Agbẹnusọ ni àdúgbò ń pe àbúrò yìí.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nílé o. Wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn láti ọjọ́rú."

"Ṣé wọ́n mú ẹrù dání?"

"Báàgì kan péré. Àgbàlagbà, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹrù ṣe?"

Ìsípẹ́kítọ̀ wo yàrá ìgbàlejò. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbi fèrèsé, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, aṣọ tí wọn ò tíì rán tán sì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ṣùgbọ́n àmì ibi tó wà tẹ́lẹ̀ hàn kedere. Ó rìn dé yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn. Sìmẹ́ńtì tuntun ló wà láàárín ilẹ̀ ibẹ̀, kò tíì gbẹ tán.

"Eku ló ń gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀," Àǹtí Agbẹnusọ sọ kí ìsípẹ́kítọ̀ tó bi í. "Mo ní kí wọ́n dí i."

"Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ má jáde o, a ṣì máa padà wá." Ó fi ọlọ́pàá kan sẹ́nu géètì, ó sì rán òmíràn kó lọ wá ẹni tó rẹ́ sìmẹ́ńtì náà.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní òdìkejì títì. Nígbà tó gbọ́ pé Màmá Télọ̀ pe fóònù, ó dìde lórí àga.

"Ọ̀gá, ẹ má bá mi ṣàwàdà. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀fun. Kò lóhùn mọ́ rárá! Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Tó bá fọwọ́ ṣàpèjúwe, àbúrò á ní, 'Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ni pé báyìí báyìí.' Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ìyá náà ò mọ̀wé kọ nígbà yẹn."

"Ṣùgbọ́n a rí síléètì."

Ojú tíṣà yí padà. "Èmi ni mo fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ló sọdá wá síbí, ó nawọ́ sí lẹ́ẹ̀dì tó wà létí mi. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Nígbà tó mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ní kí n fi tẹ̀ lé e. Ọmọ ọ̀hún ò wá láti ọdún mẹ́fà, ìyá ò sì mọ ìdí. Ó kọ lẹ́tà sí i, mo bá a fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá ló mú èsì wá hàn mí." Tíṣà nawọ́ sí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Ọmọ náà ní Àǹtí sọ fóun pé ìyá òun ò fẹ́ fojú kan òun mọ́ láéláé, nítorí ọkọ tóun fẹ́. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, òun ń bọ̀ wá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá òun. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ìyá jókòó sí, tó ń sunkún láìsí ariwo. Èmi ni mo sì ní kó lọ bi àbúrò rẹ̀ léèrè. Èmi ni!"

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Ọ̀sán ọjọ́rú, lójú fèrèsé. Ó juwọ́ sí mi."

Wọ́n rí alágbàṣe tó rẹ́ sìmẹ́ńtì náà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní òpópónà kejì. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, sìmẹ́ńtì bò ó dé ìgbọ̀nwọ́.

"Kòtò táǹkì omi ni Àǹtí ní kí n gbẹ́, ọ̀gá! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo kó èyí tó pọ̀ nínú erùpẹ̀ rẹ̀ sínú àpótí irin tó wà lẹ́nu géètì, mo fi ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Màmá tí kì í sọ̀rọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Wọ́n tiẹ̀ bu omi fún mi mu."

"Ìgbà tí o padà wá ńkọ́?"

"Ọjọ́bọ̀. Mo bá a tí kòtò ti dí. Àǹtí ní àwọn ò fẹ́ táǹkì mọ́, kí n ṣáà rẹ́ ẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha sìmẹ́ńtì ara apá rẹ̀ kúrò. "Ọ̀gá, kí ló wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo rẹ́ sìmẹ́ńtì lé lórí?"

Ìsípẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n lọ wá òòlù ńlá wá.

Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, àwọn ọlọ́pàá méjì gbé òòlù ńlá kọjá lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Ìsípẹ́kítọ̀ jókòó níwájú Àǹtí Agbẹnusọ.

"Mà, ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ọmọ wọn ń bọ̀ níbí lónìí láti wá rí wọn. Ẹ sì mọ̀, torí ẹ ti rí lẹ́tà náà."

Obìnrin náà bojú wo ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, omi ti wà lójú rẹ̀.

"Wọ́n ṣubú ni, ọ̀gá. Lálẹ́ ọjọ́rú. Wọ́n fẹsẹ̀ kọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n forí gbá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti bọ́. Jìnnìjìnnì bò mí, mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe mọ́. Mo ṣàṣìṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò pa á."

"Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣubú, tí ẹ̀rù wá bà yín, ẹ ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kòtò lẹ́yìn náà. Kápẹ́ẹ̀tì ni à bá bá nísàlẹ̀ àpótí yẹn, erùpẹ̀ ì bá sì wà lókè. Àmọ́ erùpẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ọjọ́ Ajé lẹ pe àwọn onídọ̀tí, ẹ pe ara yín ní ẹ̀gbọ́n yín, kí gbogbo ayé lè gbà pé ó ti kó lọ. Ẹ gbàgbé pé ẹni tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ kò lóhùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ gbẹ́ kòtò. Òdidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín fi ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ó gbé síléètì náà sórí tábìlì. "Ó sì bi yín léèrè. Kí lẹ sọ fún un?"

Àǹtí Agbẹnusọ wo lẹ́tà ńláńlá náà. Omi ojú rẹ̀ ti gbẹ.

"Mo ní táǹkì omi ni," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbà mí gbọ́."

Òòlù dún gbì nílẹ̀ yàrá ẹ̀yìn.

"Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ," ó ń sọ lọ. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ ohùn rẹ̀. Ẹnu mi ni gbogbo ilé ń wò. Tí ọmọ rẹ̀ bá ń wá, ọmọ rẹ̀ á mú un lọ. Ta ni màá wá máa bá gbé? Lẹ́yìn tó ka lẹ́tà yẹn, kò bú mi, kò nà mí. Ó kàn kọ ọ́ pé òun máa bá ọmọ òun lọ. Àfi bíi pé mi ò sí níbẹ̀."

Òòlù dákẹ́. Ọlọ́pàá kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí, ó fi aṣọ dí imú, ó sì fi orí ṣe bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n kan géètì. Ohùn obìnrin kan ń dún níta, ohùn ẹni tó ti rìn jìnnà, tí inú rẹ̀ ń dùn, tí àyà rẹ̀ sì ń já díẹ̀: "Màmá! Màmá mi o! Èmi ni!"

Àǹtí Agbẹnusọ dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a sọ̀rọ̀," ó wí. "Ó mọ ohùn mi. Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún un."

"Ẹ jókòó, Mà," ni ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ ti sọ tó."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi há abíyá, ó sì jáde lọ ṣí géètì.