Òdòdó Búlúù Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Omi

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó o jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé jàre! Ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn yìí kì í kọ ẹ̀yìn sí ọgbà.

Ọkùnrin méjì ló wọlé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olódòdó lọ́sàn-án gangan. Wọn ò kan ilẹ̀kùn, wọn ò kí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni ọ̀kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni èkejì.

"Ìyàwó, ọkọ rẹ dà?"

"Ó rìnrìn àjò, bọ̀dá. Oṣù mẹ́rin rèé."

"A ó jókòó dè é."

Ìjókòó ọ̀hún di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ gbà mí, irú àlejò wo nìyẹn! Wọ́n fọ́ àwo, wọ́n já ilẹ̀kùn, wọ́n fi bẹ́líìtì na obìnrin náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi là. Ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́. Ètè rẹ̀ wú, síbẹ̀: "Ó rìnrìn àjò."

Òdòdó ló ń gbìn jẹun. Irú tirẹ̀, ìdí rẹ̀ rí roboto bí àlùbọ́sà. Aládùúgbò kan tilẹ̀ fẹ́ fi din ẹyin rí, ọpẹ́lọpẹ́ imú tó kọ́kọ́ gbóòórùn! Bí òjò bá ń rọ̀, á tanná búlúù bí ojú sánmà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé á gbẹ, ìdí á sùn sínú ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀dá ò lè pa á. Ìyá tó bí i ló kìlọ̀ fún un: "Má fomi kan èyí tó ń sùn. Òjò nìkan ló mọ̀ ọ́n jí. Bí èèyàn bá jí i, gbogbo ohun tó bá sùn tì í ló máa jí, tòun ti òǹgbẹ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, àbúrò ọkọ nawọ́ sí ebè abẹ́ fèrèsé.

"Bọ̀dá, ẹ wò ó. Àwọn yòókù tẹ́jú, èyí wú bí ikùn àjẹyó."

Olódòdó sáré dúró níwájú ebè náà. Bí wọ́n bá gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n á pa á, ó mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ìdí òdòdó ló wà níbẹ̀."

Gbòà! Ìgbájú ẹ̀gbọ́n dá a dùbúlẹ̀. "Àṣé o gbọ́n tó báyìí!"

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti le bí àpáta, iná ló ń ta lẹ́nu ọkọ́. Wọ́n bá fa rọ́bà omi wá, wọ́n rin ebè náà gbingbin kó lè rọ̀ dàárọ̀.

"Ẹ má fomi sí i!" Wọ́n tì í mọ́ yàrá.

Òórùn ilẹ̀ tútù ló jí i ní ìdájí. Ó yọjú. Òdòdó ti yọ lórí ebè láìsí ewé kan. Wọn ò yọ káàkiri o, ẹ̀yin ọmọ. Wọ́n tò bí èèyàn tó na gbalaja: orí, èjìká, apá méjèèjì, ẹsẹ̀ gígùn. Níbi orí, ojú kan wà tí òdòdó ò hù, ó fẹ̀ tó ẹnu ọkọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni Olódòdó ti fi ọkọ́ la ọkọ rẹ̀ lórí, lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà fún un lọ́rùn títí ojú rẹ̀ fi ṣú, kó tó sin ín sábẹ́ ebè yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ti gbé ọkọ́ sókè. Ó là á mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ kérora. Ọwọ́ kan yọ láàárín òdòdó, ó gbá ọkọ́ mú. Igi ọkọ́ kán, lẹ́yìn náà eegun apá kán. Àbúrò figbe ta, igbe náà ò pẹ́.

"Ta ló da omi sí mi lára?" Ohùn náà gbẹ bí ewé.

Olódòdó di etí, síbẹ̀ ó ń gbọ́ bí òkú náà ṣe ń mu omi ara wọn, tó ń gbé e mì, kù, kù, kù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn àlejò gbéra nígbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ṣíwájú, ara wọn rọ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán. Ẹni tó di ọrùn wọn mú ń tì wọ́n lọ. Lẹ́nu géètì, ó yíjú sí fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ohun tí ọkọ gbogbo ń sọ láàárọ̀:

"Ìyàwó mi, mò ń bọ̀."